Ohun Tí A Mú Tí Kò Kúrò Lọ́wọ́ Olóhun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta, n kò sì rí ẹni bá mi tú u. Bí ẹnì kan bá wọ ilé yín, tó mú nǹkan yín, tó sì bá tirẹ̀ lọ, tí ẹ wá délé tí ẹ bá nǹkan náà níbi tí ẹ gbé e sí gan-an, tí kò yẹ̀, tí kò dín, orúkọ wo ni ẹ ó pe ẹni náà?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Fóònù mi ló ń kú lọ. Ojú rẹ̀ ti fọ́, bátìrì rẹ̀ ti wú bí àkàrà inú epo, bí mo bá sì pe ènìyàn, èmi ni n ó máa pariwo, ẹni tí mo pè ni yóò máa ní òun ò gbọ́. Mo ra òmíràn. Ṣùgbọ́n inú ti àtijọ́ ni gbogbo ẹrù mi wà: àwòrán ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ, àwòrán ìsìnkú, orin, àti ohun kan báyìí tí n ó sọ nípa rẹ̀ tó bá yá. Ọmọ mi tí ì bá bá mi kó wọn ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbéra láti Bẹyẹrunká lọ́jọ́ Sátidé kan, mo forí lé Bẹẹrẹ, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó máa ń fi kọ̀ǹpútà kó orin àti àwòrán láti inú fóònù kan bọ́ sínú èkejì.

Ẹni tó bá mọ Bẹẹrẹ kò nílò kí n ṣàpèjúwe. Ọkọ̀ ń fun fèrè, ọlọ́jà ń pe oníbàárà, Gbọ̀ngàn Màpó sì jókòó sórí òkè lọ́hùn-ún, ó ń wo gbogbo wa bó ti ń wò wá láti 1929. Abẹ́ agbòòrùn ni ọmọkùnrin yìí pàtẹ sí. Tábìlì kékeré kan, kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ létí, wáyà oríṣiríṣi tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ewúrẹ́, àti sípíkà kan tí kì í sinmi. Ó kọ ọ́ sára páálí pé òun ń fi orin sí mẹ́mọ́rì. Fújì wà níbẹ̀, àpàlà wà níbẹ̀, wákà, sákárà, wáàsí àwọn àáfà, ìwàásù àwọn pásítọ̀, gbogbo wọn jókòó pọ̀ láìjà. Owó tí kò tó ra iṣu kan, yóò kó ẹgbẹ̀rún orin lé yín lọ́wọ́.

Bí mo ti ń dúró kí ó kó tèmi tán, ìyá arúgbó kan ń kọjá lọ sí Ọjà'ba, igbá lórí. Orin awúrèbe kan ni sípíkà ń kọ lọ́wọ́. Ìyá náà dúró. Ó sọ igbá kalẹ̀. Ó tẹ́tí. Ó wá bi ọmọkùnrin náà léèrè ní Ìbàdàn gidi, èyí tí kò mọ "ṣ":

"Sé o mọ ẹni tó ń lùlù yẹn?"

Ọmọkùnrin ní òun ò mọ̀ ọ́n.

"Ọkọ mi ni. Ó ti kú. Isẹ́ ọwọ́ ọkọ mi lo ń tà yẹn. Èló lo fún wa níbẹ̀?"

Ọmọ náà kò yájú sí i o. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó tẹ̀ ba díẹ̀, ó ní: "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mú nǹkan yín o. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí mo ti kọ́pì ẹ̀ gan-an ṣì ní tiẹ̀ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí nǹkan ẹ̀ sọnù."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "ó ṣì wà níbẹ̀", òun ló bá mi délé.

Ká má parọ́, ọmọ náà ní ẹjọ́. Òfo ni àwọn baba wa fi ń mọ̀ pé olè jà. Èèkàn ṣófo, ewúrẹ́ ti lọ. Àká ṣófo, àgbàdo ti lọ. Ẹni tí wọ́n jà lólè a wo ibi tó gbé nǹkan rẹ̀ sí, a sì bá ihò níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí ihò, báwo la ṣe fẹ́ pe olè? Kí ìṣáná tó wọ́pọ̀, ọmọdé a mú àpáàdì, a lọ sí ojúde kejì, a ní kí ìyá ibẹ̀ fún òun níná. Iná ìyá náà kò dín, ọbẹ̀ rẹ̀ kò dá híhó dúró. Ta ló jẹ́ pe ọmọ yẹn lólè? Kódà ẹni tó bá fi iná du ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè ní ìkà.

Oríkì ńkọ́? Ẹni tó kọ́kọ́ ki Oníkòyí, ta ló mọ orúkọ rẹ̀? Láti ẹnu dé etí, láti etí dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn olórin tí à ń jà fún yìí pàápàá, òwe ta ni wọ́n ń pa? Awúrèbe tí Dauda Epo Àkàrà fi dá Ìbàdàn lára yá, inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù ààwẹ̀ ló ti yọ. Inú wéré yẹn náà ni fújì ti Àyìndé Barrister ti yọ. Kò sí ẹni tó lọ san owó fún àwọn ọmọ ojúde tó ń lu agolo lóru.

Èmi gan-an ò sì mọ́ lọ́rùn. Nígbà tí àpótí Rediffusion dé Ìbàdàn ní 1939, ara ògiri ni wọ́n ń kàn án mọ́. Orin a kọjá nínú rẹ̀ bí ẹyẹ, kò sí ẹni tó lè mú un. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹni tó ní in ló ní in, tó bá sì fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì ló kó wa sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ Philips ló gbé e jáde ní ìlú Berlin ní 1963, nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, kò sí ojúde tí kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní rédíò oní-kásẹ́ẹ̀tì méjì. Ẹ óò fi ti olórin sí apá kan, ẹ óò fi èyí tó ṣófo sí apá kejì, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó di dídọ́bù. Ẹni tí kò bá ní èyí tó ṣófo a wá wáàsí bàbá rẹ̀ gbé. Àwọn tó ṣe wáàsí náà ti ṣẹ́ etí kásẹ́ẹ̀tì wọn kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Àwa a rún bébà, a fi dí ojú ihò náà, a sì gba àpàlà lé wáàsí lórí. Ìyà tí mo jẹ nítorí èyí kò kéré. Nítorí wáàsí ni wọ́n ṣe nà mí o. Kò sí ẹni tó nà mí nítorí àpàlà.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì mọ àgbà. Ẹ̀dà tí a dọ́bù kì í dùn tó ìyá rẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀dà a tún máa dún ṣìì bí ẹni ń din nǹkan nínú rẹ̀; tó bá fi máa dé ẹ̀kẹrin, olórin ti ń kọrin lábẹ́ omi. Ẹni tó fẹ́ ojúlówó yóò padà sídìí ojúlówó, yóò lọ sanwó. Ti ayé òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì ló ṣe ìlànà tí wọ́n sọ lórúkọ mp3 ní 1995. Ó máa ń fún orin pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí etí ènìyàn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Mẹ́mọ́rì 32 jígábáìtì, tí kò ju èékánná lọ, yóò gba orin tó lé ní 6,000. Bí ẹ bá ti wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò mọ́. Ìkẹgbẹ̀rún kò yàtọ̀ sí èkínní. Wáyà kò pọndandan mọ́ pàápàá: Xender wà, Bluetooth wà. (Bluetooth tí àwọn ọmọ ń pè yẹn, ìnagijẹ Harald ni, ọba Denmark kan tó ti wàjà láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọba òyìnbó ló ń ru àpàlà kiri Bẹẹrẹ yìí, ẹ ò rí i pé ayé ń yí!)

Àwọn òyìnbó náà sá fún un. Nígbà tí Apple gbé iPod jáde ní 2001, wọ́n ṣe é bí ìgèrè apẹja: orin lè ti inú kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ti inú rẹ̀ jáde padà. Bí ẹ bá gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò fẹ́ nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù kó tó gba tuntun. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra orin, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bàjẹ́, ó wò ó pé orin òun ń bẹ nínú àpò òun, òun kò sì lè kó o jáde. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi wá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o jáde.

Ìjọba tiwa náà ti dá sí i. Òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti olórin wà ní 1970, wọ́n ṣe òmíràn ní 1988, èyí tí a ń lò báyìí sì ni ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí nínú oṣù kẹta ọdún 2023. Ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀, ó sì dojú kọ ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n n kò wá ṣe lọ́yà níbí.

Ohun tí èmi rò nìyí. Ọmọ tó wá bu iná pẹ̀lú àpáàdì, tó lọ fi dáná ilé wọn, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá gbé tábìlì kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ìyá yẹn, tó ń ta iná fún gbogbo àdúgbò, tí ìyá tó lọ ṣẹ́gi, tó fẹ́ná títí èéfín fi bà á lójú jẹ́, jókòó sínú ilé tí kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ṣé iná náà ò ṣì dín? Kò dín. Síbẹ̀ nǹkan kan wà tí kò tọ́. Ìyá tó gbé igbá kalẹ̀ yẹn sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, wọ́n fún ọkọ òun lówó ẹ̀ẹ̀kan, ó fi ra bàtà fún àwọn ọmọ, ó parí. Ọ̀rọ̀ owó yìí ti pẹ́. Òun náà ló jẹ́ kí Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dairo para pọ̀ ní 1969, kí wọ́n dá Star Records sílẹ̀, kí èrè iṣẹ́ olórin lè máa wọ àpò olórin.

Nítorí náà n kò lè pe ọmọ Bẹẹrẹ yẹn lólè. Olè ni ẹni tí a lè ní kó dá nǹkan padà. Kí ló fẹ́ dá padà? Kò sí ohun tó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè pè é ní ajigbèsè, nítorí gbèsè kò nílò kí ihò wà lára ògiri ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì ń ka àwọn ajigbèsè, kí wọ́n kọ orúkọ èmi náà síbẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra orin.

Mo rò pé mo ti tú u nìyẹn. Àfi ìgbà tí mo rántí àwòrán.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò ní dárúkọ àdúgbò wọn. Ó gbé fóònù rẹ̀ méjèèjì fún ẹnì kan pé kó bá òun kó àwòrán láti inú èyí bọ́ sínú ìyẹn. Ó gbà wọ́n padà. Àwòrán pé, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọkùnrin tí kò bá sọ̀rọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kan wò ó bó bá ti ń kọjá. Àwòrán tó yà nínú yàrá ara rẹ̀, tí kò fi ránṣẹ́ sí ẹ̀dá alààyè kankan, ti wà nínú fóònù wọn. Ọmọ náà kò jáde síta fún oṣù kan gbáko. Ẹ wá lọ sọ fún un pé "ó ṣì wà níbẹ̀", kí ẹ sì dúró kí ìyá rẹ̀ fi omorogùn dá yín lóhùn.

Bẹ́ẹ̀, ohun kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ṣe! Wáyà kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, bọ́tìnnì kan náà. Èyí kò jọ olè ewúrẹ́, kò sì jọ gbèsè, nítorí èló ni ẹ fẹ́ san fún ọmọ yẹn tí yóò fi parí? Ẹni tó yọjú wo ènìyàn ní balùwẹ̀ ló jọ. Onítọ̀hún kò mú omi rẹ̀, kò mú ọṣẹ rẹ̀, kò mú kànìnkànìn. Síbẹ̀ ó mú nǹkan lọ, kò sì sí bí yóò ṣe dá a padà. Ẹ̀tọ́ tí ọmọ yẹn ní láti sọ pé ìwọ wò ó, ìwọ má wò ó, òun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ti 2023 lórí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni wà, mo mọ̀. Kí ọmọ tí ojú ń tì tó gbé ẹsẹ̀ dé iwájú agbófinró, ẹ̀yin náà mọ ibi tí àwòrán yóò ti dé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá kan èmi fúnra mi.

Ohun tí mo ní n ó sọ tó bá yá, ohùn ìyá mi ni. Ó di ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti lọ. Ní ọjọ́ ìbí mi kan, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn bá wọn tẹ WhatsApp, wọ́n sì ki mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àjàní, gbogbo ilé bàbá mi, gbogbo ojú ogun tí àwọn yẹn lọ tí wọ́n bọ̀. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, nítorí náà lẹ́yìn oríkì, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń bi ọmọ náà pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Ibẹ̀ ló ti gé.

Àbúrò mi obìnrin ti ń bẹ̀ mí láti ọdún méjì pé kí n fi ránṣẹ́ sí òun. N kò fi ránṣẹ́. A ní ìjà kan nílẹ̀: ó ta ìsọ̀ ìyá wa ní Ọjà'ba láìbi mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá fún mi, ṣé ó máa tán lọ́wọ́ yín ni?" Mo ní èmi ni wọ́n ń kì, wọn ò ki ìwọ. Ó ní ohùn ìyá àwa méjèèjì ni. Mo ní yóò lọ gbé e sójú táyé, àwọn tí wọn ò mọ ìyá mi yóò máa fi jó. Gbogbo àwáwí yẹn, ẹnu lásán ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó dùn mọ́ mi kí n ní ohun tí òun kò ní.

Ẹ wá wo bí mo ṣe rí. Orin àwọn onílùú tó ti kú, mo ń kó o ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìbi ẹnikẹ́ni. Iná inú ààrò ìyá mi, mo fi du àbúrò mi. Mo tún gbé e fún ọmọ tí n kò mọ̀ rí lábẹ́ agbòòrùn ní Bẹẹrẹ pé kó bá mi kó o, nítorí kò sí bí yóò ṣe ti inú fóònù mi bọ́ sínú òmíràn tí kò ní kọ́kọ́ sùn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àjèjì ti ní ohùn ìyá mi ṣáájú ọmọ tí wọ́n bí. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́ lójú mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó ti lọ." Bí wọ́n bá dá ewúrẹ́ padà, ẹ óò rí i lórí èèkàn. Èyí, kí ni mo fẹ́ wò?

Mo ti gbàgbé ìyá onígbá. Kò tíì lọ o. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí orin náà fi parí. Ó wá tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ fóònù pẹlẹbẹ kékeré kan, ó ní: "Ó dáa, bá mi fi sínú tèmi. A ò ní in nílé. Àwo tó kù ti fọ́ lọ́jọ́ tí òjò wọlé."

Ọmọkùnrin gba fóònù náà. Mẹ́mọ́rì kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó fi orin náà sí i, ó tún wá méjì mìíràn kún un lára ti ẹgbẹ́ náà, tí ìyá sọ pé òun kò gbọ́ láti ọdún tí òun ti ń wá a. Bí kò bá sí irú àwọn ọmọ báwọ̀nyí, tí wọ́n ń kó ohun tí kò ṣe tiwọn jọ, n kò mọ ibi tí orin yẹn ì bá wà lónìí. Mo bi ìyá bóyá yóò sanwó. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Èmi? Sebí òun ló jẹ mí lówó!"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kò gbowó. Ìyá fi fóònù sétí, ó gbé igbá rẹ̀ karí, ó gba ọ̀nà Ọjà'ba lọ.

Èmi náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo ṣí fóònù tuntun, mo wá nọ́ńbà àbúrò mi, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé n ó rí nǹkan kan kí ó dín. Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ṣì ń dùn mí, ó ń dùn mí di bí mo ti ń kọ èyí.

Ó di alẹ́ kó tó pè. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo kàn ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó wá ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ tiyín?"

Mo ní ó ṣì wà.